Ta Ni Ọmọ Onílùú? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Àwọn Adúláwọ̀, Àtìpó àti Àwọn Onílẹ̀ Àkọ́kọ́ Nínú Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà

Láàárín ọdún 1861 sí 1865, Àríwá àti Gúúsù Amẹ́ríkà kọjú ìbọn sí ara wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé ogun yẹn ló fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Èyí tí a kì í sábà sọ ni pé ogun kan náà ló fipá mú ìjọba Amẹ́ríkà láti dáhùn ìbéèrè tó ti ń sá fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀: ta ni ọmọ onílùú, ta sì ni àlejò? Mo kó àwọn ìbéèrè tó máa ń wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ síbí. N kò ní fi èrò tèmi pamọ́: ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn ta sílẹ̀ lójú ogun ṣí ilẹ̀kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí òfin dárúkọ nínú ìwé nìkan ló rí ọ̀nà wọlé.

Kí ogun tó bẹ́ sílẹ̀, ta ni òfin kà sí ọmọ Amẹ́ríkà?

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà kò sọ ọ́ yanjú. Ó mẹ́nu ba ọmọ orílẹ̀-èdè níbi púpọ̀, kò sì sọ ẹni tó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti àlejò tó fẹ́ di ọmọ onílùú, òfin ọdún 1790 ti là á sílẹ̀ pé òyìnbó tí kì í ṣe ẹrú nìkan ló lè gba ìwé. Òfin ọdún 1802 sọ pé kí àlejò ti gbé ìlú fún ọdún márùn-ún ná, kò sì yọ ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn kúrò.

Adúláwọ̀ tí wọ́n bí síbẹ̀ ńkọ́? Àwọn ìpínlẹ̀ díẹ̀ bíi Massachusetts gbà wọ́n láàyè láti dìbò. Èyí tó pọ̀ jù kò gbà. Ní 1857, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ wá ti ilẹ̀kùn náà pa pátápátá. Dred Scott jẹ́ ẹrú tí ọ̀gá rẹ̀ ti mú lọ gbé níbi tí òfin kò ti fàyè gba oko ẹrú, ó sì pe ẹjọ́ pé òun ti di òmìnira. Adájọ́ àgbà Roger Taney dáhùn pé adúláwọ̀ tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá bí ẹrú, ìbáà ti gba òmìnira, kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè, kò sì lẹ́nu láti pe ẹjọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, tó ń san owó orí, wọ́n sọ ọ́ di àlejò nínú ilé bàbá rẹ̀.

Ṣé àwọn òyìnbó tó ṣí wá láti Yúróòpù rí ara gba sí i ní tiwọn?

Ó dẹrùn fún wọn ju ti adúláwọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ìyàn tó mú ní Ireland láti ọdún 1845, nígbà tí ọ̀dùnkún ń jẹrà sínú ilẹ̀, lé ogunlọ́gọ̀ ènìyàn gba orí omi wá sí New York àti Boston. Tálákà ni wọ́n, Kátólíìkì ló sì pọ̀ jù nínú wọn, láàárín àwọn Pùròtẹ́sítáńtì tí kò fẹ́ràn Póòpù rárá. Ìdìtẹ̀ ọdún 1848 tó forí ṣánpọ́n lé àwọn ará Jámánì náà wá.

Ní àárín àwọn ọdún 1850, ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí aráyé ń pè ní Know Nothing dìde. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí àlejò gbé ìlú fún ọdún 21 kó tó lè gba ìwé. Ní Massachusetts, níbi tí wọ́n ti wọlé ìbò, wọ́n tú àwọn ẹgbẹ́ ológun ìpínlẹ̀ tí àwọn ọmọ Ireland dá sílẹ̀ ká ní 1855. Ní 1859, ìpínlẹ̀ náà tún fi kún òfin rẹ̀ pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé gbọ́dọ̀ dúró fún ọdún méjì sí i kó tó dìbò. Nígbà tí ogun dé ní 1861, ìpínlẹ̀ kan náà ló ń wá ọmọ Ireland kiri láti fi dá rẹ́jímẹ́ntì sílẹ̀. Ní 1863, wọ́n pa òfin ọdún méjì yẹn rẹ́ láìpariwo púpọ̀.

Mélòó nínú àwọn àlejò ló jagun, kí ló sì mú wọn lọ?

Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ ogun Àríwá ni wọ́n bí sí ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tí wọ́n bí ní Jámánì tó nǹkan bí 200,000, àwọn ti Ireland sì tó nǹkan bí 150,000. Ohun tó mú wọn lọ kò jọra. Àwọn mìíràn ebi ni, nítorí owó ìgbaniwọṣẹ́ tí wọ́n ń san fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí kò ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀pọ̀ ará Jámánì tó ti bá ọba jà nílé rí ogun yìí bí ìtẹ̀síwájú ìjà òmìnira wọn. Carl Schurz, ọ̀kan nínú wọn, di ọ̀gágun, ó sì di aṣòfin àgbà láti Missouri ní 1869. Thomas Francis Meagher, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti lé kúrò nílé lọ sí erékùṣù ìjìnnà nítorí ìdìtẹ̀ tó sì sá mọ́ wọn lọ́wọ́, kó àwọn ọmọ Ireland jọ sínú ẹgbẹ́ ogun tiwọn. Ní Fredericksburg, ní oṣù Kejìlá ọdún 1862, wọ́n gun òkè lọ bá ìbọn tó wà lẹ́yìn ògiri òkúta. Wọ́n kú bí ẹní rọ́ wọn dànù.

Ṣé lóòótọ́ ni ìjọba fi ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè fa àwọn àlejò wọ iṣẹ́ ológun?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wà nínú òfin. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1862, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ọwọ́ sí i pé àlejò tó ti pé ọmọ ọdún 21, tó wọṣẹ́ ológun, tó sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé pé ó sìn dáadáa, lè gba ìwé lẹ́yìn ọdún kan péré nílùú dípò ọdún márùn-ún, láìṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ lọ búra ìpinnu ní kóòtù. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni òfin náà dárúkọ. Ọmọ ogun ojú omi tó jagun kan náà kò rí irú ìdẹ̀ra yìí títí di 1894.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1862 kan náà, òfin ilẹ̀ ọ̀fẹ́ jáde: ẹni tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè, tàbí àlejò tó ti búra pé òun yóò di ọmọ ibẹ̀, lè gba ilẹ̀ éékà 160, kó gbé orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kó sì dá oko síbẹ̀ kó tó di tirẹ̀, bí kò bá sáà ti gbé ìbọn sí ìjọba rí. Ẹni tí onílẹ̀ ti ń lé kiri ní Ireland kò ní gbọ́ ìròyìn bẹ́ẹ̀ kó mú un ṣeré. Àwa tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yé dáadáa mọ ohun tí éékà 160 túmọ̀ sí fún ọmọ tálákà.

Kí ni "ìwé àkọ́kọ́", kí ló sì sọ ọ́ di wàhálà ní 1863?

Ìwé méjì ni àlejò máa ń gbà. Ìwé àkọ́kọ́ ni èyí tó fi sọ níwájú akọ̀wé kóòtù pé òun ní i lọ́kàn láti di ọmọ Amẹ́ríkà, pé òun yóò sì kọ ọba tí òun ń sìn tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ó kéré tán, ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé kejì yóò tó dé, òun ló sì ń sọ ènìyàn di ọmọ onílùú pátápátá. Ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Wisconsin àti Indiana, ìwé àkọ́kọ́ nìkan ti tó láti dìbò.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1863, òfin ìfipá-múni-wọṣẹ́-ológun jáde. Ó kan ọkùnrin ọmọ orílẹ̀-èdè láti ọmọ ogún ọdún dé márùndínláàádọ́ta, ó sì kan àlejò tó ti gba ìwé àkọ́kọ́. Ariwo sọ. Àwọn kan ní ìwé tí àwọn gbà kò tíì pé, báwo ni ikú ṣe wá lè pé? Ní oṣù Karùn-ún, Ààrẹ Lincoln kéde pé ẹni tó bá ti gba ìwé àkọ́kọ́ tí kò sì fẹ́ jagun ní ọjọ́ 65 láti kúrò nílùú. Ẹni tó bá dúró, òfin yóò mú un. Ní 1864, wọ́n tún fi kún un pé àlejò tó bá ti dìbò rí tàbí tó ti di ipò ìjọba mú kò lè sọ pé àlejò ni òun mọ́.

Lójú tèmi, ìpinnu yẹn kò burú. Ẹni tó ti fọwọ́ kan ìbò ti jẹ nínú oúnjẹ ilé. Kò dára kó yọ ẹsẹ̀ nígbà tí ilé ń jó. Ohun tó burú wà nínú ìlà mìíràn nínú òfin ọdún 1863 yẹn: ẹni tó bá lè san 300 dọ́là, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Owó yẹn súnmọ́ ohun tí lébìrà ń rí gbà ní odidi ọdún kan.

Ṣé òun ló fa rògbòdìyàn New York?

Òun ló tan iná ọ̀hún. Láti ọjọ́ 13 sí 16 oṣù Keje ọdún 1863, àwọn òṣìṣẹ́ tó tálákà, ọmọ Ireland ló pọ̀ jù nínú wọn, dáná sun ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ológun, wọ́n bá ọlọ́pàá jà, wọ́n sì wá yíjú sí àwọn adúláwọ̀. Wọ́n so àwọn kan kọ́ sórí òpó iná. Wọ́n dáná sun ilé àwọn ọmọ òrukàn adúláwọ̀ tó wà ní Fifth Avenue. Àwọn ọmọ tó lé ní 200 ni àwọn alábòójútó kó gba ẹ̀yìn jáde. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú kí àwọn sójà tó pa iná ìjà náà.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Ẹni méjì tí ìlú kò fẹ́, ọ̀kan wá ń pa èkejì, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé bí ẹrú bá di òmìnira, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló máa wá gbà. Kò sì yẹ ká fi gbogbo ọmọ Ireland bú: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n lù bolẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbèjà ìlú, ọmọ Ireland ni àwọn náà.

Àwọn adúláwọ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n gbà wọ́n sógun?

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀ pé kí wọ́n gba àwọn. Ìjọba ní ogun òyìnbó ni. Òfin oṣù Keje ọdún 1862 ló kọ́kọ́ fàyè sílẹ̀. Lẹ́yìn Ìkéde Ìdásílẹ̀ Ẹrú ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1863 ni ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Kí ogun tó parí, nǹkan bí 179,000 adúláwọ̀ ló ti jà lórí ilẹ̀, àwọn mìíràn tó súnmọ́ 19,000 sì wà nínú ọkọ̀ ogun ojú omi. Nǹkan bí 40,000 ló kú, àìsàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù.

Ewu tiwọn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Bí ọ̀tá bá mú òyìnbó, ẹlẹ́wọ̀n ogun ni. Bí wọ́n bá mú adúláwọ̀, wọ́n lè tà á tàbí kí wọ́n pa á, bí wọ́n ti ṣe ní Fort Pillow ní oṣù Kẹrin ọdún 1864, níbi tí wọ́n ti pa àwọn tó ti juwọ́ sílẹ̀.

Frederick Douglass, tó ti jẹ́ ẹrú rí, tó sì fi ọmọ rẹ̀ méjì sílẹ̀ fún rẹ́jímẹ́ntì kẹrìnléláàádọ́ta ti Massachusetts, ló sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ní Philadelphia ní oṣù Keje ọdún 1863. Ó ní bí adúláwọ̀ bá ti lè wọ bọ́tìnnì tí wọ́n ya ẹyẹ idì sí, tó gbé ìbọn lé èjìká, tí ọta wà lápò rẹ̀, kò sí agbára kan láyé tó lè sọ pé kò tíì jèrè ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 18 oṣù keje náà ni rẹ́jímẹ́ntì àwọn ọmọ rẹ̀ kọlu Fort Wagner. William Carney, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Virginia, rí i pé ẹni tó gbé àsíá fẹ́ ṣubú. Ó gbà á, ó gbé e dé ara odi, ó sì gbé e padà pẹ̀lú ọgbẹ́ ìbọn lára, láìjẹ́ kó kan ilẹ̀. Ọdún 1900 ni ìjọba tó fi àmì ẹ̀yẹ tó ga jùlọ dá a lọ́lá.

Kí ló dé tí àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ fi kọ owó oṣù wọn?

Nítorí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju owó lọ. Sójà òyìnbó ń gba dọ́là 13 lóṣù. Wọ́n ní kí adúláwọ̀ gba 10, wọ́n sì tún ń yọ 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ. Dọ́là 7 ló kù. Ìjọba Massachusetts ní òun yóò fi àpò ara òun dí i. Rẹ́jímẹ́ntì kẹrìnléláàádọ́ta àti karùndínlọ́gọ́ta kọ ìyẹn náà. Wọ́n ní ìjọba àpapọ̀ tí àwọn ń kú fún ni kó san án. Ọdún kan àbọ̀ ni wọ́n fi jagun láìgba kọ́bọ̀, tí ìyàwó àti ọmọ ń kọ̀wé sí wọn pé ebi ń pa àwọn.

Kọ́pùrà James Henry Gooding kọ lẹ́tà sí Ààrẹ Lincoln fúnra rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1863, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà: ṣé sójà ni wá ni, àbí lébìrà? Wọ́n mú un lójú ogun, ó sì kú ní ọgbà ẹlẹ́wọ̀n Andersonville ní oṣù Keje ọdún 1864 láìfojú kan owó náà. Sájẹ́ńtì William Walker ti South Carolina kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ síwájú àgọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n sì kó ìbọn sílẹ̀ pé àwọn kò sìn mọ́ níye owó yẹn. Wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 1864. Gómìnà John Andrew ti Massachusetts bínú sọ ọ́ pé ìjọba tí kò rí òfin tó máa fi san owó rẹ̀ bíi sójà rí òfin tó máa fi pa á bíi sójà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1864, òfin gbà kí owó dọ́gba, àmọ́ ẹni tó ti jẹ́ òmìnira kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọn yóò san àjẹṣẹ́kù fún láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Kí ni kí ẹni tó jẹ́ ẹrú nígbà náà ṣe? Kọ́nẹ́ẹ̀lì Edward Hallowell gbé ìbúra kan kalẹ̀: kí ẹni náà búra pé ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1861, òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè iṣẹ́ tí wọn kò sanwó fún. Ẹrú àná gbé ọwọ́ sókè, ó búra, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ sì mọ́, nítorí níwájú Ọlọ́run, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rí. N kò mọ ìbúra mìíràn nínú gbogbo ogun náà tó wù mí tó èyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, wọ́n wá san án fún gbogbo wọn.

Ǹjẹ́ ọmọ Áfíríkà kan wà tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Amẹ́ríkà tó sì jagun yìí?

Ó wà, ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí ni wọ́n sì ti bí i. Mohammed Ali ben Said, ọmọ Kukawa ní Borno, ni àwọn Túárégì jí gbé nígbà tó wà lọ́mọdé. Wọ́n tà á dé Tripoli, ó dé ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì di ọmọ ọ̀dọ̀ ìjòyè Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un tí wọ́n sọ ọ́ ní Nicholas. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, òmìnira ni. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi èdè, ó sì ṣe olùkọ́ ní Detroit. Ní 1863 ó wọ rẹ́jímẹ́ntì karùndínlọ́gọ́ta ti Massachusetts, ó sì di sájẹ́ńtì.

Òfin ọdún 1862 ní "àlejò èyíkéyìí" tó bá sìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òyìnbó tó wà nínú òfin àtijọ́ kò tíì kúrò. Bó bá jẹ́ Jámánì ni wọ́n bí Said sí, ìwé ìkúrò-lẹ́nu-iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ti sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọdún 1870 ni òfin tó wá dárúkọ ọmọ bíbí Áfíríkà.

Ṣé gbogbo wọn ló dúró de ìparí ogun kí wọ́n tó béèrè ẹ̀tọ́?

Rárá o. Ní ọdún 1862, wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi kan dúró nítorí pé adúláwọ̀ ni ọ̀gá ọkọ̀, òfin sì ní ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Edward Bates, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba, dáhùn ní oṣù Kọkànlá ọdún náà nínú ìwé gígùn kan pé ẹni tí wọ́n bí lómìnira sórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ ibẹ̀ ni, àwọ̀ kò sì yí i padà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1864, adúláwọ̀ méjì láti New Orleans, Jean Baptiste Roudanez àti Arnold Bertonneau, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ dé iwájú Lincoln. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dìbò, 27 nínú wọn sì ti jagun fún Amẹ́ríkà ní 1815. Lọ́jọ́ kejì, Lincoln kọ̀wé sí Michael Hahn, gómìnà Louisiana tí wọ́n bí ní Jámánì, pé kó wò ó bóyá wọ́n lè gba díẹ̀ láàyè, pàápàá àwọn tó ti jagun. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 1865, ó sọ ọ́ ní gbangba. John Wilkes Booth wà láàárín èrò. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló yìnbọn fún Lincoln.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Òfin ọdún 1855 ní obìnrin àlejò tó bá fẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè ti di ọmọ orílẹ̀-èdè nìyẹn, bó bá sáà jẹ́ òyìnbó. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, òfin mìíràn dá ìyàwó àti ọmọ sójà adúláwọ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú, èyí tó mú kí àwọn ọkùnrin Kentucky ya wọ iṣẹ́ ológun. Susie King Taylor kọ́ àwọn sójà ní ìwé, ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, wọn kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Harriet Tubman ṣamọ̀nà àwọn ọmọ ogun gba odò Combahee ní oṣù Kẹfà ọdún 1863, ẹrú tó lé ní 700 sì jáde lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá ìjọba fà á kó tó rí owó ìfẹ̀yìntì.

Báwo ni ti àwọn àlejò tó wà ní Gúúsù?

Àwọn kan jagun fún Gúúsù tinútinú. Patrick Cleburne, ọmọ Ireland, di ọ̀gágun wọn. Òun náà ló dábàá ní ìbẹ̀rẹ̀ 1864 pé kí wọ́n fún ẹrú ní ìbọn àti òmìnira, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn kò fẹ́ jagun fún oko ẹrú. Àwọn ará Jámánì kan ní Texas forí lé Mẹ́síkò. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1862 ni àwọn ológun Gúúsù ká wọn mọ́ etí odò Nueces, wọ́n sì pa àwọn tó ti fara gbọgbẹ́ lẹ́yìn tí ìjà ti parí. Òkúta ìrántí wọn ṣì wà ní ìlú Comfort.

Àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ńkọ́, àwọn Cherokee, Seneca àti àwọn yòókù?

Ìtàn tiwọn ló le jù láti gbọ́, nítorí orí ilẹ̀ wọn ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ely Parker, ìjòyè Seneca, kọ́ iṣẹ́ òfin, wọn kò jẹ́ kó ṣe é nítorí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Ó di ẹnjiníà. Nígbà tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun, wọ́n ní kó lọ dá oko rẹ̀, pé àwọn òyìnbó á yanjú ọ̀rọ̀ wọn. Ní ìgbẹ̀yìn, ó di akọ̀wé Grant, olórí àwọn ọmọ ogun Àríwá. Ní Appomattox, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin ọdún 1865, ọwọ́ Parker ni wọ́n fi kọ ìwé tí Gúúsù fi juwọ́ sílẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè ló kọ ìwé tó parí ogun orílẹ̀-èdè náà.

Ní Michigan, odidi kọ́ńpìnì kan ni àwọn Anishinaabe kún. Síbẹ̀, ní 1884 ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ fún John Elk, tó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀yà rẹ̀ lọ gbé ní Omaha, pé kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè bí wọ́n tiẹ̀ bí i síbẹ̀. Oṣù Kẹfà ọdún 1924 ni òfin tó gba gbogbo wọn wọlé.

Apá kan tún wà níbẹ̀. Àwọn Cherokee kan ní ẹrú adúláwọ̀. Àdéhùn tí wọ́n bá ìjọba ṣe ní 1866 ní kí àwọn ẹrú tó ti di òmìnira ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ Cherokee. Awuyewuye lórí gbólóhùn yẹn dé kóòtù. Ní 2017 ni adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a láre fún àwọn àtọmọdọ́mọ wọn.

Àwọn ará Ṣáínà jagun bí?

Díẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n jà. Joseph Pierce wà ní Gettysburg. Edward Day Cohota jà ní Cold Harbor, ó sì tún lo nǹkan bí ogún ọdún sí i nínú iṣẹ́ ológun. Nígbà tó fẹ́ gba ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ni wọ́n sọ fún un pé kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè. Ó ti gba ìwé àkọ́kọ́. Kó tó lọ gba èkejì, òfin ọdún 1882 tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará Ṣáínà ti jáde. Ní 1870, aṣòfin àgbà Charles Sumner ti gbìyànjú láti yọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kúrò nínú òfin ìgbàwé pátápátá. Wọ́n kọ̀, wọ́n kàn fi ọmọ Áfíríkà kún un ni. Ọdún 1943 ni wọ́n tó fàyè gba ará Ṣáínà.

Kí ni ogun náà wá yí padà nínú òfin gan-an?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1866, àwọn aṣòfin fi òfin kan lélẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè láìka àtakò Ààrẹ Andrew Johnson sí. Ní oṣù Keje ọdún 1868, àtúnṣe kẹrìnlá wọ ìwé òfin: ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tàbí tó gba ìwé níbẹ̀, tó sì wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ Taney kú síbẹ̀. Ní 1870, àtúnṣe kẹẹ̀ẹ́dógún ní kí wọ́n má fi àwọ̀ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dìbò. Agbára gbólóhùn ọdún 1868 yẹn pọ̀ débi pé nígbà tí wọ́n fẹ́ lé Wong Kim Ark, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ṣáínà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá a láre ní 1898, nítorí San Francisco ni wọ́n bí i sí.

Kí ló kan àwọn ọmọ Ireland lẹ́yìn ogun?

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹni tí wọ́n bí lábẹ́ ọba, abẹ́ ọba ni yóò kú sí, ìwé Amẹ́ríkà kò jẹ́ nǹkan kan. Ní 1867 wọ́n mú John Warren àti Augustine Costello, ọmọ Ireland tó ti gba ìwé Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n wá dìtẹ̀. Warren béèrè ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ àlejò, ẹ̀tọ́ tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fún àjèjì. Wọ́n ní kì í ṣe àjèjì. Ariwo tó ti ibẹ̀ sọ mú kí Amẹ́ríkà ṣe òfin ní oṣù Keje ọdún 1868 pé ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni láti yí orílẹ̀-èdè padà. Ní 1870, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà.

Níbo ni ènìyàn ti lè rí orúkọ àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí?

Ilé ìpamọ́ ìwé orílẹ̀-èdè ní Washington ló ní ìwé iṣẹ́ àti fáìlì owó ìfẹ̀yìntì wọn. Orúkọ 209,145, ti àwọn ọmọ ogun adúláwọ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá wọn, ni wọ́n kọ sára ògiri ìrántí kan nílùú kan náà.

Ẹ fi sùúrù wá a. Ọ̀pọ̀ ẹrú forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá wọn, wọ́n sì mú orúkọ bàbá wọn nígbà tí ogun parí. Ọkùnrin kan náà lè wà nínú ìwé méjì bí ẹni méjì. Wọn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí, wọn kò ní ìwé ìgbéyàwó, nítorí òfin kò ka ìgbéyàwó ẹrú sí. Nítorí náà ni òfin ọdún 1864 ṣe gbà pé kí ẹlẹ́rìí tó mọ̀ wọ́n sọ pé tọkọtaya ni wọ́n. Nínú àwọn fáìlì opó ni ìtàn pọ̀ sí jù: olùwádìí ìjọba ń béèrè ẹni tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀, orúkọ tí ọkọ fi jagun, ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú gbogbo orúkọ àti gbogbo bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́.